Orúkọ 1,140 èèyàn, wọ́n kà á sí lẹ́tà kan: bí a ṣe jà fún ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wa

Máìlì 7 ni a pàdánù nítorí pé èmi kò kọ lẹ́tà kan. Mo kó orúkọ èèyàn jọ rẹpẹtẹ, lẹ́tà ni n kò kọ. Ó ń dùn mí títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ọ̀nà náà wà nínú igbó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Máìlì 11 ni gbogbo rẹ̀, ó bá etí odò lọ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló gun òkè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwa tó ń gun kẹ̀kẹ́ orí-òkè ti ń gbà á. Ní àárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 2017, a débẹ̀, a bá pátákó tuntun: ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin nìkan ni kó kọjá. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ti ṣáájú kò kíyè sí pátákó náà. Owó ìtanràn ni ó gbé bọ̀.

Inú mi ru. Mo wo máàpù kíákíá bóyá ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wilderness ni, ìyẹn igbó tí òfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fo ibi yìí o. Òfin ọdún 1964 tó dá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò gba ohun ìrìnnà oní-ẹ̀rọ láyè níbẹ̀, láti 1984 sì ni kò ti sí àríyànjiyàn mọ́ nínú ìlànà pé kẹ̀kẹ́ wà lára rẹ̀. Bí ọ̀nà yín bá bọ́ sínú Wilderness, kò sí ọ́fíìsì igbó kankan tó lè ṣí i fún yín, àfi kí àwọn aṣòfin yí òfin padà.

Bí tiwa kò ti sí níbẹ̀, mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìfọwọ́sí. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà igbó, nínú òjò àti òtútù, pẹ̀lú báírò mẹ́ta nínú àpò. Orúkọ 1,140 ni mo kó jọ. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó igbó náà. Obìnrin tó gbà á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ lé e, ó ní mo dé lásìkò. Mo dúpẹ́, mo padà sílé, n kò tilẹ̀ bi í pé àsìkò wo ló ń wí.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ń ṣe ètò tuntun fún apá igbó náà, ọjọ́ 30 ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ará ìlú láti fi ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́. Inú ìwé ìròyìn kan ni wọ́n ti kéde rẹ̀, níbi tí ìlànà ní kí wọ́n kéde sí, ọjọ́ kejì tí ìkéde jáde ni kíkà sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé kankan lára pátákó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó pè wá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà igbó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń kọjá lára mi, wọ́n ń kí mi, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jókòó kọ tiyín."

Ẹni kan sọ ọ́ fún mi o. Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa tó ti lé ní 60 ọdún, òun ló máa ń ra ìwé ìròyìn náà. Ó kọ lẹ́tà tirẹ̀, ojú ìwé kan àbọ̀, ó ní kí èmi náà kọ. Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kó èrò jọ ná." Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ìpinnu wọn jáde gẹ́gẹ́ bí àbá: kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ gba ibì kankan nínú máìlì 11. Ìdí méjì ni wọ́n mú wá, ọ̀gbàrá ń wọ́ ilẹ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ sì ń dẹ́rù ba ẹṣin. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti dáhùn ọ̀rọ̀ ará ìlú, mo ń wá ìwé wa. Ìlà kan péré ni: lẹ́tà kan, tó ní òun fẹ́ kẹ̀kẹ́, tí kò sọ ìdí kan pàtó. Gbogbo òtútù tí mo jẹ níbẹ̀ ló di ìlà kan.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ọjọ́ 45 wà láti ta kò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ ọ̀rọ̀ pàtó tirẹ̀ pẹ̀lú ìdí, láàárín ọjọ́ tí wọ́n là sílẹ̀, nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́. Wọ́n ní ìfọwọ́sí wa kò tó bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n yẹn nìkan ló kù. Ohun tó bá sì ti wà nínú lẹ́tà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni àtakò rẹ̀ lè dá lé. Orúnkún rẹ̀ kò gba òkè mọ́, nítorí náà máìlì 4 tó wà létí odò nìkan ló kọ̀wé lé lórí. Máìlì 7 ti lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ṣùgbọ́n a ja ti máìlì 4 yẹn dáadáa, mo sì ń fi í yangàn. Kọ́nà kan wà tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ bíi kòtò. A wọ̀n ọ́n: ìdagẹ̀rẹ́ ọ̀nà jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ara òkè tó gbà kọjá sì jẹ́ 30. Bí ti ọ̀nà bá ti ju ìdajì ti òkè lọ, omi òjò kò ní gé ọ̀nà kọjá mọ́, inú ọ̀nà ni yóò máa bá lọ, ẹni yòówù kó gbà á. A fi ìwádìí tí Wilson àti Seney ṣe ní Montana, tó jáde lọ́dún 1994, kún un: lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi omi rin, pátákò ẹṣin àti ẹsẹ̀ èèyàn tú erùpẹ̀ ju táyà lọ. A kò purọ́ pé kẹ̀kẹ́ kì í ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá fún bíréèkì pa níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí táyà wá ń wọ́, ó ń gbẹ́lẹ̀. A ní àwa ni a ó fi ọwọ́ wa la ọ̀nà mìíràn yí kọ́nà náà ká.

Ti ẹṣin, mo lọ bá màmá kan tó jẹ́ aṣáájú àwọn ẹlẹ́ṣin nílé. Ó yẹ kí n ti lọ láti ọjọ́ kìíní. Wọn ò kórìíra wa. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kẹ̀kẹ́ tó yọ láti kọ́nà láìdún. Ẹ̀gbọ́n ti dábàá nínú lẹ́tà rẹ̀ pé kí a pín ọjọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe lápá òkè Millcreek Canyon ní Utah, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti máa ń gba ọ̀nà ní ọjọ́ 2, 4, 6, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù. Màmá náà ní òun fara mọ́ ọn, ó sì bá wa lọ sí ìpàdé àtakò, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n.

Wọ́n gbà. Máìlì 4, lọ́jọ́ 2, 4, 6. Ìyókù iṣẹ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n: ọkọ́, ṣọ́bìrì, òógùn.

Bó bá jẹ́ pé mo tún un ṣe, ọjọ́ tí mo rí pátákó yẹn gan-an ni mo máa ní kí ọ́fíìsì fi orúkọ mi sára àwọn tí wọ́n ń fi ìkéde ètò ránṣẹ́ sí. Èèyàn 20 ni mo máa kó jọ, kì í ṣe 1,140, kí kálukú kọ lẹ́tà tirẹ̀, kí ó dárúkọ kọ́nà tó mọ̀, afárá tó mọ̀, àti ìdí tó ní. Mo sì máa pín ọ̀nà náà láàárín wọn láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè, kó má sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà.

A ti kọ́kọ́ gun máìlì 4 náà lọ́jọ́ kejì oṣù, ẹ̀gbọ́n ló ṣáájú. Nígbà tí a dé ibi tó parí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbára lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń wo òkè. Ó ní, "Èyí tó kù yẹn, ta ni yóò kọ ọ́?" Mo ní èmi ni.