Bí Mo Ṣe To Aago Nixie Tí Kì í Kú Bí Iná Bá Lọ

Aago kan wà lórí sẹ́ẹ̀fù ní pálọ̀ mi ní Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́, tí ó ń fi iná àwọ̀ ọsàn sọ iye tí aago lù, ìbáà jẹ́ pé iná wà tàbí kò sí. Àwọn tó bá wọlé máa ń rò pé odindi ni mo rà á. Ẹ̀yà-ẹ̀yà ló dé inú páálí: bóòdù kan, àwọn àpò ọ̀rá kéékèèké tí résísítọ̀ (tó ń dín iná kù), kapásítọ̀ (tó ń di iná mú) àti áísì (ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń darí iṣẹ́) wà nínú wọn, àti gílóòbù Nixie mẹ́rin tí wọ́n fi fóòmù wé. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tò ó. Oṣù méjì gbáko ni mo fi mú kí ó bá ilé kan ní Àkúrẹ́ mu, apá yẹn ni ó sì jẹ mí lógún jù láti ròyìn.

Ọdún 1955 ni ilé-iṣẹ́ Burroughs ní Amẹ́ríkà gbé gílóòbù Nixie jáde, ilẹ̀ Soviet náà sì ṣe tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. IN-14 ti ilẹ̀ Soviet ni tèmi. Nínú gíláàsì rẹ̀, wáyà tín-ín-rín mẹ́wàá tí wọ́n tẹ̀ ní ìrísí òǹkà 0 dé 9 ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, tí gáàsì neon sì yí gbogbo wọn ká. Òǹkà tí iná bá gbà ni gáàsì ara rẹ̀ yóò tàn, ṣùgbọ́n wáyà fúnra rẹ̀ kì í gbóná pọ́n bíi ti gílóòbù àtijọ́ tí a mọ̀.

Ìwé ìlànà ní kí n kọ́kọ́ to apá tó ń gbé iná ga, torí pé 12 fóltì ni à ń fún aago náà, òun ni yóò sì sọ ọ́ di nǹkan bí 170. Kí n tó fi áísì tàbí gílóòbù kankan sí i, mo tan án, mo fi mítà wọ̀n ọ́n, mo sì fi súkúrúdíráfà yí résísítọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí mítà fi ka 172. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àfọwọ́fà. Mo ki ọwọ́ òsì bọ àpò sòkòtò ní gbogbo ìgbà tí mo ń wọ̀n ọ́n, kí iná má baà gba ọwọ́ kan wọlé kí ó sì gba àyà jáde sí ìkejì. Bí mo bá sì ti pa á, mo máa ń dúró kí mítà lọ sílẹ̀ tán, nítorí kapásítọ̀ ṣì máa ń di iná mú lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́.

Gílóòbù ló gba sùúrù jù. Wáyà mẹ́tàlá ló yọ ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n rọ̀, wọ́n fún mọ́ra, oníkálukú wọn ló sì ní ihò tirẹ̀ lórí bóòdù. Nígbà tí mo fẹ́ ki gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo ṣe ń mú ọ̀kan wọlé ni òmíràn ń yọ. Mo dáwọ́ dúró, mo sì gé wọn bí àtẹ̀gùn: àkọ́kọ́ gùn jù, èkejì fi díẹ̀ kúrú sí i, ẹ̀kẹta kúrú ju ìyẹn lọ, mo ṣe bẹ́ẹ̀ yípo dé ẹ̀kẹtàlá. Láti ìgbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé. Wáyà ánóòdù, èyí tí iná ń gbà wọ gílóòbù, tí gíláàsì ìdí rẹ̀ ní àwọ̀ funfun nínú, ni mo máa ń fi ṣáájú, kí n má baà ṣi ìyókù tò.

Ní alẹ́ tí mo kọ́kọ́ tan gbogbo rẹ̀, gílóòbù mẹ́ta ṣe dáadáa. Ìkẹrin dára láti 0 dé 3, ṣùgbọ́n bí ó ti dé 4, 4 àti 5 tàn pọ̀, tí ọ̀kan gun èkejì. Èyí fi hàn mí pé gílóòbù kọ́ ló bàjẹ́, pé ibì kan wà tí ọ̀nà òǹkà méjèèjì ti kan ara wọn. Mo fi awò àti tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ bóòdù títí mo fi rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ K155ID1, áísì tó ń yan òǹkà tí yóò tàn, níbi tí ẹsẹ̀ òǹkà 4 àti ti òǹkà 5 ti wà nítòsí ara wọn: irun sọ́dà (òjé tí a ń yọ́ láti fi lẹ ẹ̀yà mọ́ bóòdù) kan báyìí, tí kò nípọn ju okùn aláǹtakùn lọ. Mo bó wáyà kan, mo fi oje sọ́dà pa fọ́nrán bàbà rẹ̀, mo gbé e lé ibẹ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù tí a fi ń yọ́ sọ́dà tẹ̀ ẹ́, ó sì fa sọ́dà náà bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo.

Ibẹ̀ ni ǹ bá ti parí iṣẹ́ ká ní ìlú tí iná kì í lọ ni mo ń gbé. Ní òru ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iná lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni aago náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 00:00. Áísì DS3231 tó ń ka àkókò kì í fi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan yà lọ́dún, àmọ́ ilé bátìrì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Mo ra bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ní Ọjà Ọba, àkókò kò sì sọnù mọ́. Síbẹ̀ gílóòbù ṣì ń kú bí iná bá ti lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà tí ilé bá ṣókùnkùn gan-an la nílò aago tó ń tàn. Mo wá pinnu láti yọ ọ́ kúrò lára iná ilé pátápátá, kí n sì so ó mọ́ bátìrì 12 fóltì oní-7Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) tí páànẹ́ẹ̀lì sólà kékeré ń rọ iná sí. Ẹ̀rù kan bà mí: bí oòrùn bá mú, bátìrì náà máa ń gun 14 fóltì kọjá. Mo wo ara kapásítọ̀ ibi tí iná ń gbà wọlé, mo rí 25V lára rẹ̀, ìyẹn ni pé ó lè gba iná tó 25 fóltì, ọkàn mi balẹ̀. Mo fi fíúsì 1 ámpì sí ojú wáyà. Aago náà ń gba nǹkan bí 0.3 ámpì, nítorí náà bátìrì tó kún lè gbé e di ọjọ́ kejì.

Bàbá káfíńtà kan lójú ọ̀nà Ìdànrè ló ṣe àpótí rẹ̀. Ìrókò tuntun ni mo béèrè. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, igi tútù á sún kì bí ooru bá ń mú un, á sì fún gíláàsì rẹ lọ́rùn.” Férémù ilẹ̀kùn àtijọ́ ni wọ́n gé fún mi, wọ́n sì dá ihò mẹ́rin sí i, oní-20 mílímítà, tó fi díẹ̀ fẹ̀ ju gílóòbù lọ. Mo dá àwọn ihò kéékèèké sí ẹ̀yìn kí ooru lè jáde, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n nítorí eruku ọyẹ́.

Àwọn iná aláwọ̀ búlúù tó yẹ kí ó wà lábẹ́ gílóòbù kọ̀ọ̀kan kò wọ bóòdù mi rárá. Wọ́n ń pa ẹwà àwọ̀ ọsàn náà. Mo ṣètò pé kí aago máa pa ara rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, kí gílóòbù lè pẹ́. Ní wákàtí wákàtí, gbogbo òǹkà á sáré láti 0 dé 9, torí pé gílóòbù àkọ́kọ́ kì í lo ju 0, 1 àti 2 lọ, ìdọ̀tí a sì máa gun àwọn wáyà tí a kò bá lò.

Nígbà tí Màámi wá kí wa láti Oǹdó, iná lọ ní alẹ́, fáànù dúró, aago nìkan ló kù tó ń tàn. Wọ́n sún àga wọn mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe 2 ni wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ṣe 5 yìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà, irú wáyà kan náà ni wọ́n lò fún méjèèjì.