Bí a ṣe ń pe àìbìkítà lórúkọ ní èdè Potogí

Kí ẹ tó la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀bi náà wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú, wọn kò sì wúwo bákan náà. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú lè fi ẹ̀sùn ńlá kan ẹni tí ojú rẹ̀ kàn fo nǹkan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí "cuidado". Òun ni wọ́n ń pariwo ní Brasil bí mọ́tò bá fẹ́ gbá ènìyàn: ṣọ́ra! Òdìkejì rẹ̀ ni "descuido", ìyẹn ni pé ojú kúrò lára nǹkan fún ìgbà díẹ̀. "Queimei o feijão, foi um descuido": mo jẹ́ kí ẹ̀wà jóná, ojú mi ló kúrò níbẹ̀.

Tó bá ti di ìwà, ẹ mú "desleixo". X inú rẹ̀ ń dún bíi ṣ tiwa. Òun ló bá aṣọ tí bọ́tìnnì rẹ̀ já tí a ò rán mu, àti iṣẹ́ jákujàku. Ọkùnrin á jẹ́ "desleixado", obìnrin á jẹ́ "desleixada". "Ó" tiwa kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo, a sì máa ń gbàgbé èyí. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pa pọ̀.

"Negligência" ló gba sùúrù jù: ojúṣe tí a pa tì ni. Abala 18 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Brasil kà á mọ́ "imprudência" àti "imperícia". Ẹ fi awakọ̀ kan wò ó. Tó bá sá eré àsápajúdé nínú òjò, imprudência ni. Tó bá mọ̀ pé bíréèkì òun kò mú dáadáa tí kò tún un ṣe, negligência ni. Tó bá gun tírélà tí kò mọ̀ ọ́n wà, imperícia ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tó bá ti ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ni wọ́n ń pè ní "culposo". Èyí tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ dá ni "doloso". Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀ láé.

Ó wá ku "descaso": a rí i, a mọ̀, a ò kà á sí. Iná jó Museu Nacional, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Rio de Janeiro, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí owó ìtọ́jú ilé náà kò tó. Ìtẹ́ tí Adandozan, ọba Dahomey, fi ránṣẹ́ sí Dom João, ọmọ ọba tó ń ṣàkóso Potogí nígbà náà, jóná níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: "O descaso com o museu durou anos": ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi ka ilé náà sí. Ẹ wá fi descuido rọ́pò rẹ̀, kí ẹ kà á sókè. Ẹ ó gbọ́ ọ fúnra yín: ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹ̀wà ló jóná.