Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń kú lójú ọ̀nà: bí mo ṣe tọ epo lẹ́yìn títí dé inú tánkì

Orí òkè Ẹ̀fọ̀n ni Peugeot 504 mi ti kọ́kọ́ dójú tì mí. Ọ̀sán gangan ni, ìyá àwọn ọmọ gbé páálí ẹyin lé ẹsẹ̀, a ń ti Arámọkọ bọ̀, a ń lọ sí òkú ṣíṣe kan ní Ìtáwùrẹ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáàkì. Mo tẹ iná sí i, ńṣe ló túbọ̀ ń wọ́lẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. A já ewé sẹ́yìn ọkọ̀, a jókòó sábẹ́ igi, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bọ̀ọ̀lì. Nígbà tó máa tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé òun kọ́ ló kú.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣe báyìí. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàkì. Èkejì ní kọ́ìlì, tó ń ta iná sí pulọ́ọ̀gì, ni. Ẹ̀kẹta ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ ká kúkú gbé pọ́ǹpù tuntun sí i.” Mo san gbogbo owó náà, mo tún padà sábẹ́ igi. N kò bú wọn o, torí ìgbàkígbà tí mo bá gbé ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù wọn, ara rẹ̀ á ti yá. Kí ni wọ́n fẹ́ rí? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì yẹ kó ti yé mi tipẹ́ pé àsìkò tí ọkọ̀ bá kú gan-an ló yẹ kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó sinmi, kó tó tutù. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí, ojú títì ni ẹ ó ti ṣe ìdajì rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rántí bó ṣe kú. Bó bá kú fìrì, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, tí kò jáàkì, tí kò wúkọ́, ẹ pe ríwáyà, ọ̀rọ̀ iná ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ pé agbára rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, pàápàá lórí òkè tàbí tí ẹrù bá pọ̀, tó ń fà sẹ́yìn kó tó kú, ó jọ pé ebi epo ló ń pa á. “Ó jọ pé” ni mo sọ o. Ohun tó máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀ rèé: ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ká ọmọrí fílítà afẹ́fẹ́ kúrò, kẹ́ ẹ máa wo ọ̀fun kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì ti kú o, ẹ má ṣe táàtì í. Ẹ fi ọwọ́ fa irin tí wáyà pẹ́dà tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré so mọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí epo tú ṣìn-ín wọ inú ọ̀fun yẹn. Bó bá tú, epo wà nínú kabúrétọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ epo sílẹ̀. Bó bá gbẹ, ó yá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìgbà kẹrin tí tèmi kú, lójú ọ̀nà Ìgèdè, mo wo ibẹ̀. Ó gbẹ táútáú. Kọ́ìlì tuntun tí mo rà wà níbẹ̀ tó ń wò mí.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ lọ ṣí ìdérí tánkì, kẹ́ ẹ sì tẹ́tí. Bí epo bá ń jáde lọ, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀, ihò kékeré kan sì wà fún un. Bí ihò yẹn bá dí, tánkì á máa fa ara rẹ̀ mọ́ra, títí pọ́ǹpù ò fi ní lè rí nǹkan fà. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, tẹ́ ẹ gbọ́ “fíìì” gígùn, tí ọkọ̀ sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, ìdérí ni ọ̀daràn. Ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ ra òmíràn. Àyẹ̀wò yìí ò ná èèyàn ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣe é. Tèmi ò dún.

Lẹ́yìn ìyẹn, omi. Ẹ rọra da omi tútù sí àkísà, kẹ́ ẹ wé e mọ́ pọ́ǹpù àti páìpù epo tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nínú oòrùn, lórí òkè tí ọkọ̀ ń gùn ní jíà kejì, epo lè hó nínú páìpù kó di oru, pọ́ǹpù ò sì lè fa oru bó ṣe ń fa epo. Bí ọkọ̀ bá jí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn omi, ẹ wá ibi tí páìpù yẹn ti sún mọ́ sílẹ́ǹsà jù, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà. Mo da omi odidi lítà kan sórí tèmi. Ó ṣì lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ bó ṣe máa ń lò ó.

Ìyókù, ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, níta gbangba, kì í ṣe nínú gáréèjì. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ìtòsí. Kí ẹnikẹ́ni má dáná, kó má mu sìgá, kí jẹnẹrétọ̀ sì wà ní pípa. Ẹ má sì fi ẹnu fa epo láéláé, ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe tánkì.

Ẹ wo fílítà epo. Bó bá jẹ́ oníke tó mọ́lẹ̀ kedere, kí ẹlòmíràn ṣe táàtì kẹ́ ẹ máa wò ó. Bí ìdọ̀tí bá kún inú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n. Bẹ́ ẹ bá rí ìfóófòó afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá láìdáwọ́ dúró, ibì kan wà tí họ́ọ̀sì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ìyẹn máa ń tan èèyàn jẹ, torí họ́ọ̀sì tó sán láàárín tánkì sí pọ́ǹpù lè má jo sílẹ̀ rárá: ńṣe ni pọ́ǹpù ń fà á sínú. Ẹ tẹ gbogbo họ́ọ̀sì rọ́bà bí ẹni ń tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò. Èyí tó bá le gbagidi tàbí tó bá sán lẹ́nu, ẹ gé e dànù.

Ó kan pọ́ǹpù. 504 oníkabúrétọ̀ kì í lo pọ́ǹpù iná, ara ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù rẹ̀ wà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Ẹ fa wáyà kékeré tó ń gbé iná wá sí kọ́ìlì yọ kí ẹ́ńjìnnì má baà dáhùn, ẹ tú họ́ọ̀sì lẹ́nu kabúrétọ̀, ẹ tì í bọ inú ìgò, kí ọmọ kan wá yí kọ́kọ́rọ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó yẹ kí epo máa tú pàù, pàù, pẹ̀lú ipá. Bó bá ń kán tó-tó-tó, ẹ má tíì dá pọ́ǹpù lẹ́bi, torí ó lè jẹ́ pé òun náà ò rí fà. Ẹ yọ irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ń rùn bí epo, tó sì ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, awọ inú pọ́ǹpù ti ya, epo ń jò sínú ọ́ìlì. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ pọ́ǹpù àti ọ́ìlì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún mi pé òun máa gbé pọ́ǹpù iná ọkọ̀ onínjẹ́kítọ̀ (irú tó ń fín epo wọ ẹ́ńjìnnì dípò kabúrétọ̀) sí i, “kó lè lágbára dáadáa, Tíṣà.” Mo ní ọmọ mi, o ṣeun, fi í sílẹ̀. Kabúrétọ̀ ò fẹ́ ju nǹkan bíi psi 3 sí 5 lọ (psi ni ìwọ̀n ipá tí pọ́ǹpù fi ń ti epo). Ti onínjẹ́kítọ̀ púpọ̀ wà láàárín 35 sí 50. Abẹ́rẹ́ tó ń dí epo nínú kabúrétọ̀ ò lè dúró níwájú ìyẹn, epo á ṣàn sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná.

Ibi tí mo ti rí i gan-an rèé. Mo ra họ́ọ̀sì tuntun bíi mítà méjì, mo da epo mímọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5. Lákọ̀ọ́kọ́, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ń fa epo láti tánkì rẹ̀. Mo ta á síná níbi tó dúró sí, mo di iná mú ní ìdajì. Ìṣẹ́jú méjìlá, ó wúkọ́, ó kú. Mo wá tú họ́ọ̀sì tó ti tánkì wọ pọ́ǹpù, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀, mo ti ẹnu rẹ̀ bọ kẹ́ẹ̀gì tó wà nílẹ̀, jìnnà sí sílẹ́ǹsà. Iná kan náà, ìdajì kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Ìyá àwọn ọmọ jáde wá béèrè bóyá mo fẹ́ fi ariwo lé òun kúrò nílé ni. Ẹ́ńjìnnì ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Pọ́ǹpù ò jẹ̀bi nìyẹn, kabúrétọ̀ ò jẹ̀bi, kọ́ìlì ò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ kù sáàárín ẹnu họ́ọ̀sì àti ìsàlẹ̀ tánkì.

Mo mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, mo fẹ́ atẹ́gùn padà sínú páìpù, mo gbọ́ tó ń hó bùlù-bùlù nínú tánkì. Ọ̀nà là. Mo fẹ́ẹ̀ sọ pé mo ti ṣìnà. Mo ronú sí i títí di òru: kí ni nǹkan tó máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, àmọ́ tí kò ní jẹ́ kí epo wọlé? Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ó ṣí. Bẹ́ ẹ bá fà á, ó pa dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a fa epo tánkì tán, a gbé e sọ̀ kalẹ̀, a fi omi ṣàn án. Ohun tó jáde ni ègé láílọ́ọ̀nù dúdú kan, kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Láílọ́ọ̀nù tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ ìdérí kẹ́ẹ̀gì kó má baà jò ni. Látìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù Karùn-ún 2023, lítà márùn-ún márùn-ún ni èmi náà ń rà, nígbà míràn nínú kẹ́ẹ̀gì, epo inú tánkì ò sì jìnnà sí ìsàlẹ̀ mọ́. Bí epo bá ti lọ sílẹ̀, láílọ́ọ̀nù á sún mọ́ ẹnu páìpù, pọ́ǹpù á fà á mọ́ ẹnu náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kò sí ẹni tó ń fà á mọ́, á rọra já bọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi ń jẹ bọ̀ọ̀lì nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá ń tú epo tánkì tiyín, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Bí ìpẹtà bá wà, ẹ ó rí òun náà. Bí tánkì bá sì ti jò, tí ẹnì kan ní kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbà. Tánkì tó ti gbẹ léwu ju èyí tó kún lọ, torí oru epo ló máa ń bú gbàù. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ oru yẹn kúrò ni kẹ́ ẹ wá.

Fún ọkọ̀ onínjẹ́kítọ̀, ọ̀nà kan náà ni, ibi tí ẹ ó fi etí sí ló yàtọ̀. Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Adó ní Golf 3, ó ń kú fún un bí oòrùn bá ti mú. Mo ní kó tẹ́tí sí ìjókòó ẹ̀yìn nígbà tó bá kú: bó bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ojú iná láì ṣe táàtì, ó yẹ kó gbọ́ “híìn” bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Fíúsì dára. Ríwáyà yọ rílé (relay) tó ń fún pọ́ǹpù níná, ó ṣí i, ojú lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ ti sán, bó bá gbóná á já, bó bá tutù á so padà. Ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà. Wọ́n ti sọ iye pọ́ǹpù tuntun fún ọmọ náà tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń yá owó kiri.