Ẹ tọ́jú ilẹ̀kùn àti fèrèsé onígi kí òjò tó dé
Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ kú oòrùn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ilẹ̀kùn àti fèrèsé onígi tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn nílé yín. Ọyẹ́ ti gbẹ wọ́n, oòrùn oṣù kẹta yìí ló máa wá là wọ́n.

Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Bí omi bá ń yí kúlúkúlú lórí rẹ̀, fáníìṣì ṣì wà níbẹ̀. Bí igi bá fà á mu tó sì dúdú, ó ti yá kí ẹ tún un kùn nìyẹn.

Ẹ fi àkísà tútù nu eruku ọyẹ́ kúrò, kó gbẹ, kí ẹ tó fi sáńpépà họ ọ́. Ẹ má kùn ún lọ́sàn-án gangan: ojú fáníìṣì á gbẹ ṣáájú inú, á wá lé ròrò. Àárọ̀ lẹ́yìn tí ìrì bá gbẹ ni, tàbí ìrọ̀lẹ́. Fáníìṣì aláwọ̀ ni kí ẹ rà. Èyí tó mọ́ gaara wu ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá ba igi jẹ́. Ẹ kun etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà o! Ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi jù, ibẹ̀ náà sì ni káfíńtà máa ń fò.

Àlàfo àárín pákó ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Igi ń súnkì lẹ́ẹ̀rùn, ó ń wú lójò. Ẹni tó bá dí i pa báyìí, ilẹ̀kùn rẹ̀ lè má ṣeé tì mọ́ lóṣù kẹfà.

Bó bá jẹ́ epo linseed, ìyẹn epo tí wọ́n fi ń kun igi, lẹ lò, ẹ má ká àkísà rẹ̀ jọ. Ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ.