Bí mo ṣe bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń mú ẹ̀kọ́ rọrùn

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni pé, “Ibo gan-an ni iṣẹ́ ti ń há ọ?” Ètò SETT tí Joy Zabala gbé kalẹ̀ ni mo tẹ̀ lé: a wo akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ibi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ àti iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, ká tó wá dé orí irinṣẹ́. Ẹni tó bá fi irinṣẹ́ ṣáájú á kàn gbé èyí tó gbajúmọ̀ fún gbogbo èèyàn ni.

Ọ̀kan nínú wọn, lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ ọn lójú, àmọ́ tí o bá ka ìwé náà sí i létí, yóò ṣàlàyé rẹ̀ yanjú. A ṣí ojú ewé tó fẹ́ kà nínú Microsoft Edge, a tẹ F9, Immersive Reader sì jáde. A fẹ àlàfo àárín lẹ́tà, a jẹ́ kí ìlà díẹ̀ péré máa hàn, a sì tan ohùn tó ń kàwé, ó ń fojú bá a lọ. Iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ gangan la fi dán an wò.

Ti ẹni tí kò ríran ló gba àkókò jù. NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, la yàn fún kọ̀ǹpútà Windows rẹ̀. Michael Curran, tí òun náà kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2006, ọ̀fẹ́ sì ni títí dòní. Lẹ́tà H ń gbé e láti àkọlé kan sí òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn. Ìgbà tó ṣí ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́: PDF tí wọ́n ya bí àwòrán ni, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà. Insert pẹ̀lú R mú kí NVDA yọ ọ̀rọ̀ jáde lára àwòrán náà, ṣùgbọ́n ojú tábìlì inú ìwé dàrú. Mo wá bẹ olùkọ́ rẹ̀ fún fáìlì Word tí àkọlé rẹ̀ wà létòlétò. Sí èmi, fáìlì yẹn ṣe pàtàkì tó NVDA fúnra rẹ̀.

Fún ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa, Live Transcribe, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di ọ̀rọ̀ kíkà lórí fóònù Android, tó, bí a bá gbé fóònù sún mọ́ olùkọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára ń sọ̀rọ̀ sínú Google Docs, tó ń kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀; Ctrl, Shift àti S ló ń ṣí ìfọ̀rọ̀kọ yìí, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí a tó fẹnu kò, mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀fẹ́ náà kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀. Ní báyìí, mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò kí wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lo ohun tó ti mọ́ wọn lára níbẹ̀.