Ẹ̀rọ Ìwọn Ẹ̀tù Tó Ń Ṣe Ségesège

Ẹ̀rọ onílù (ìlù kékeré tó ń yí nínú rẹ̀ ló ń wọn ẹ̀tù) tí a fi ń wọn ẹ̀tù sínú èèpo ọta 9mm kò da iye kan náà nígbà gbogbo. Ìyàtọ̀ tó 0.3 grain (ẹyọ ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ẹ̀tù) ló wà láàárín èyí tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù, ìyẹn sì ti pọ̀ jù fún ọta ìbọn ìléwọ́.

Inú ìlù ni ìṣòro wà. Òróró tí wọ́n fi pa á kó má dípẹtà kò tíì kúrò, ẹ̀tù sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ tú u, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọ abọ́ fọ ìlù àti ike orí rẹ̀ tí ẹ̀tù ń wà nínú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ gbẹ wọ́n. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu ike o! Ìnùnù yẹn gan-an ló ń mú kí ẹ̀tù máa fò mọ́ ọn lára. Ẹ da ẹ̀tù sí i, ẹ fa ọwọ́ ẹ̀rọ bí ogún ìgbà, kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà kí ẹ tó wọn ohunkóhun.

Bí ẹ bá ń fà á, ẹ jẹ́ kí ó kan òkè kan ìsàlẹ̀, agbára kan náà nígbà gbogbo. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀tù inú ike lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ.

Síkéèlì tó ń ka 0.1 grain kò lè sọ ìwọ̀n ẹyọ kan gẹ́lẹ́. Ẹ wọn mẹ́wàá pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá kí ẹ lè mọ ìpíndọ́gba wọn. Ẹ pa fáànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìyàtọ̀ ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.1 grain. Síbẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú èèpo kọ̀ọ̀kan kí ọta tó wọ̀ ọ́: àwọn ẹ̀tù kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣèèṣì dà á lẹ́ẹ̀mejì sínú èèpo kan, kò ní kún àkúnwọ́sílẹ̀ tí ẹ ó fi mọ̀.