Bí mo ṣe ń dán sulfadiazine wò lára ewéko

Ewéko máa ń ṣe folate (fítámìn B9) tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwa èèyàn ló ń wá a jẹ nínú ẹ̀fọ́. Sulfadiazine, oògùn apakòkòrò àrùn, máa ń dí ọ̀nà tí ewéko ń gbà ṣe folate, torí ó jọ PABA, èròjà tí ewéko fi ń ṣe é.

Arabidopsis, ewéko kékeré kan tí wọ́n máa ń lò fún ìwádìí, ni mo ń lò. Ẹ fọ irúgbìn rẹ̀, ẹ fi sí fíríìjì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó lè jọ hù pọ̀. Ẹ ṣe àwo mẹ́rin: ọ̀kan láìní oògùn, ọ̀kan pẹ̀lú oògùn, ọ̀kan pẹ̀lú oògùn àti PABA, ọ̀kan pẹ̀lú oògùn àti methionine (amino acid kan tí ewéko ń fi folate ṣe). Ẹ má fo ti PABA o! Bí ewéko bá padà tutù yọ̀yọ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé ibi tí a fura sí gan-an ni oògùn náà ti mú un. Methionine nìkan kò lè gbà á là, nítorí folate wà nínú iṣẹ́ ṣíṣe DNA pẹ̀lú.

Ewé jíjá ló gba ìṣọ́ra jù. Ẹ já a nígbà tí iná ṣì wà lórí rẹ̀, ní wákàtí kan náà fún gbogbo àwo, kí ẹ sì jù ú sínú nitrogen olómi lójú ẹsẹ̀. Inú ìmọ́lẹ̀ ni ewé ti ń sọ ọ̀pọ̀ glycine di serine (amino acid ni àwọn méjèèjì), folate ló sì ń bá a ṣe é. Bí folate bá wọ́n, glycine á gbára jọ. Ẹ pa iná pẹ́nrẹ́n, iye rẹ̀ á ti yí padà.

Ẹ lọ ewé náà, ẹ fi HPLC (ẹ̀rọ tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ láti mọ iye wọn) wọn àwọn amino acid inú rẹ̀. Èmi máa ń kọ́kọ́ fi iye glycine wé ti serine, kí n tó wo methionine. Ẹ gbin irúgbìn púpọ̀ sí àwo olóògùn, ewé ibẹ̀ kì í tó lọ̀.